Ọwọ́ Alágbàfọ̀

Kò sí aṣọ tó ń wọ inú omi ní ṣọ́ọ̀bù ìyá Kíá láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ́kọ́ yí àpò rẹ̀ síta. Òfin ibi iṣẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń rú u. Oríṣiríṣi nǹkan làwọn oníbàárà máa ń gbàgbé sínú àpò: bíírò tó lè ba odidi bàsíà aṣọ funfun jẹ́, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ìṣáná, kódà eyín àtọwọ́dá bàbá àgbàlagbà kan rí, èyí tí gbogbo ilé bàbá náà ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru ajá. Àǹtí Olómi ló máa ń yí àpò síta. Àbúrò ìyá Kíá ni. Òun ló ń fọ aṣọ tó sì ń ṣan án lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí ìyá Kíá ń lọ aṣọ nínú ilé. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Olómi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí Olómi fa síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé Kíá jáde láti inú apẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba áńkáṣíìfù kan tí wọ́n ta ní kókó. Ó tú u. Òògùn oníhóró funfun wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀. Etí àwọn kan nínú wọn ti yọ́ díẹ̀, bí ohun tó ti dé ẹnu ènìyàn kí wọ́n tó tu ú jáde.

Kò pariwo. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó gbé áńkáṣíìfù náà síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ìyá Kíá wò ó, ó sì yọ okùn áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná láàárín ṣẹ́ẹ̀tì tí kò tí ì lọ̀ tán. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Kíá wà nídìí káńtà, ó ń fi òwú pupa sàmì sí ọrùn aṣọ àwọn oníbàárà. Ó rí áńkáṣíìfù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ alágbàfọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí, “inú àpò aṣọ lo wá fi nǹkan pa mọ́ sí.”

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá ti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Nígbà náà, bí Kíá bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ á máa lù bí ti ẹni tí wọ́n ń lé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí òwú kì í fẹ́ wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ń jẹun bí ẹni méjì, síbẹ̀ aṣọ rẹ̀ ń rọ̀ sí i lára bí aṣọ orí háńgà. Òógùn ń bò ó nígbà tí òtútù ń mú àwọn mìíràn. Ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, kò lè dúró síbẹ̀. Tí wọ́n bá ti tan áyọ́ọ̀nù báyìí, òun ti bọ́ síta. Ojú rẹ̀ yọ síta díẹ̀, iwájú ọrùn rẹ̀ sì wú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ìwé àkàjù ni, títí ó fi dákú ní ilé ìwé níbi tí wọ́n ti tò láàárọ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, dókítà obìnrin kan ṣàlàyé fún wọn pé ẹran kékeré kan wà ní iwájú ọrùn gbogbo ènìyàn, ó rí bíi labalábá, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára tó. Ti Kíá ti ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Ìyá Kíá ronú sí i, ó ní ṣé bí áyọ́ọ̀nù tí ibi tí wọ́n fi ń dín ooru rẹ̀ kù ti bàjẹ́ ni. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní òògùn wà tó lè dín in kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òògùn ọ̀sẹ̀ kan. Ó lè ju ọdún kan lọ, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan.

Lẹ́yìn náà ló wá fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn.

“Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe fi orúkọ ara yín sọ́kàn,” ni ó wí. “Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òògùn yìí lè pa àwọn ohun tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn ún, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ẹnu rẹ̀ yọ egbò, ẹ má fún un ní ẹyọ kan sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e wá, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.”

Ìyá Kíá tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí dókítà fi ní ó tó.

Òògùn náà ṣiṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró, ẹran ara rẹ̀ padà. Inú gbogbo ilé dùn, àfi ti Kíá nìkan ni kò dùn tán. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kíá, nítorí pé gbogbo nǹkan ló ń ṣe kíákíá. Ní àkókò tí àìsàn náà wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀ pé àìsàn ni, oorun kì í kùn ún. Òun ló ń kàwé kọjá gbogbo ẹgbẹ́, tí á tún wá ṣàlàyé ìṣirò fún wọn lọ́jọ́ kejì. Ó ti rò pé ọpọlọ òun ló mú bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, bó bá ṣí ìwé, oorun á gbé e. Ìdánwò àṣekágbá sì ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńsù, nítorí pé ó ga, ó sì tín-ín-rín. Ní ọjọ́ tí Kíá sùn lórí tábìlì nínú kíláàsì, Pẹ́ńsù ní kí gbogbo ènìyàn wá wo nǹkan, ó ní Kíá ti di Jẹ́jẹ́. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, Kíá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Pẹ́ńsù fi ẹ̀dùn bá a sọ ọ́. Ó ní bó bá jẹ́ òògùn yẹn ló ń ba orí rẹ̀ jẹ́, ṣebí kó dá a dúró ná títí wọ́n á fi parí ìdánwò. Lẹ́yìn náà, kó máa fi ife mu ún bó bá wù ú.

Pẹ́ńsù kò ní ibi lọ́kàn. Kò kàn mọ ohun tó ń sọ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Kíá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òògùn sábẹ́ ahọ́n. Bí ìyá rẹ̀ bá ti yíjú, á tu ú sínú áńkáṣíìfù. Nígbà tó yá, ọkàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, oorun sì dáwọ́ dúró. Dípò kí ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Kíá ti padà dé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura, tó ń dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Kíá rántí ọ̀rọ̀ dókítà. Ó rí i pé ọ̀nà àbáyọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó di ọ̀fun mú, ó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun, ara òun sì ń gbóná nínú. Ìyá rẹ̀ kò dúró bi í léèrè. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ lórí ìdúró, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Dókítà yin ìyá rẹ̀, ó ní ohun tó yẹ kó ṣe gan-an ló ṣe. Òògùn dúró fún ìwọ̀nba ọjọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Kíá tún pa irọ́ kan náà. Ìyá rẹ̀ tún gbé e sáré lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ibùsùn ilé ìtura kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún mọ́. Àwọn ará ilé ìtura náà bínú gidigidi.

Lẹ́yìn èyí ni Àǹtí Olómi ki ọwọ́ bọ àpò síkẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn bóyá ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dùn ún rí rárá, Kíá kò rí irọ́ mìíràn pa. Ó ní rárá. Ìyá rẹ̀ jókòó lórí òkìtì aṣọ tí wọ́n ti ká. Kò nà án, kò gbé ohùn sókè.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Láti òní lọ, ojú mi ni wàá ti máa gbé e mì. Wàá la ẹnu, wàá gbé ahọ́n sókè kí n rí i. Mi ò lè gba ẹnu ẹ gbọ́ mọ́. Ojú mi ni màá máa gbà gbọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún dókítà, dókítà bá Kíá wí, ó sì ní kó tún bẹ̀rẹ̀ òògùn náà. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ á dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ife omi. La ẹnu. Gbé ahọ́n. Ó tó. Bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, á pè láti ojú ọ̀nà, ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ á sì jẹ́ bóyá ó ti gbé e mì. Kíá kò bínú sí ìyá rẹ̀. Àǹtí Olómi ló bínú sí. Ó ń kí i bó ṣe yẹ, ó ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bá a sọ nǹkan mìíràn.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí nǹkan ti ń lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Kíá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò lè dá itọ́ mì. Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan há sí i lọ́fun, tó ń ha á bó ti ń lọ. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó tún gbìyànjú. Ó dùn ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ife omi, ó sì la ẹnu láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí yóò sọ, gbólóhùn irọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, kò yàtọ̀ rárá. Ó gbé òògùn náà mì. Omi ojú bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ìbínú ni.

Ní ilé ìwé, òtútù mú un tó bẹ́ẹ̀ tí eyín rẹ̀ ń kan ara wọn. Pẹ́ńsù fún un ní súìtì kó máa lá a. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń ṣe é, ojú rẹ̀ yí padà.

“Sọ fún màmá ẹ.”

“Wọn ò ní gbà mí gbọ́.”

“Ṣé o ti sọ ọ́ ná?” ni Pẹ́ńsù wí. “Kíá, ṣé o ti sọ ọ́?”

Nígbà tó délé lọ́sàn-án, ó sọ ọ́. Aṣọ ibùsùn ilé ìtura kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ sì ń sáré láti tẹ́ àwọn ará ilé ìtura lọ́rùn kí wọ́n má baà gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Nígbà tí Kíá sọ̀rọ̀ tán, ìyá rẹ̀ fi ojú ìfura wò ó. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á fò sẹ́yìn. Síbẹ̀, kò lé e. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó na ọwọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ọwọ́ yẹn. Ìyá Kíá kì í wo àmì ara áyọ́ọ̀nù. Á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ọn, á sì sọ fún ọ láìkan irin náà bóyá ṣẹ́dà ló lè gbà á tàbí kọ́tìnì. Láti ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò jó aṣọ oníbàárà kankan rí. Ó fi ọwọ́ náà sí iwájú orí Kíá, ó fi sí ọrùn rẹ̀, ó sì mú sùúrù, nítorí pé ó fẹ́ rí i dájú.

“Ara ẹ tutù,” ni ó wí níkẹyìn. “Ó tutù ju tèmi lọ.” Ó wò ó lójú. “Ìkẹta rèé, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tí dókítà ní kó gbà ẹ́ là, má fi ṣeré mọ́.”

Bó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ì bá sàn. Ẹ̀bẹ̀ náà ló dun Kíá jù. Ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè, ó gbé òògùn mì.

Ohun tó wá bà á lẹ́rù jù lọ lẹ́yìn ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ọwọ́ ìyá òun kì í ṣìnà. Bóyá ara òun kò gbóná lóòótọ́. Bóyá ọkàn òun ló ń tan òun jẹ. Ó ti fi ara rẹ̀ purọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí ara náà ń sọ òótọ́ mọ́.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé, kò sí ilé ìwé. Nígbà tó fi ahọ́n kan ẹ̀yìn ètè rẹ̀, ó kan egbò. Omi pàápàá di ohun tó ń bẹ̀rù. Ìyá rẹ̀ tún fi ọwọ́ kàn án láàárọ̀, láàárín aṣọ kan sí òmíràn, ó tún ní ara rẹ̀ tutù. Ó gbé òògùn àárọ̀ mì. Lẹ́yìn náà ló fa àpótí kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ìyá rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ká ara jọ, ó súnmọ́ áyọ́ọ̀nù bí ẹni tó ń yáná. Inú yàrá yẹn gbóná tí ògiri ń làágùn. Kíá ń gbọ̀n.

Ìyá rẹ̀ rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́.

“Wò ó bó ṣe jókòó,” ni ó wí. “Ìwọ tí ooru máa ń lé síta. Ṣé o rí i pé òògùn yẹn ń ṣiṣẹ́?”

Kíá wo ẹ̀rín náà. Kò tíì sí ohun tó dẹ́rù bà á tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ìyá rẹ̀ fi òògùn sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ife omi fún un. Bó ṣe fẹ́ dúró wò ó ni awakọ̀ ilé ìtura ké sí i láti ìdí káńtà pé kó wá ka aṣọ fún òun. Ó ní kí Kíá mu ún, òun ń bọ̀ wá wo ẹnu rẹ̀.

Kíá dá wà. Òògùn náà kéré lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju àgbàdo wẹ́wẹ́ lọ. Ó ro ohun mẹ́ta. Bó bá gbé e mì, bí ohun tó ń ṣe é bá jẹ́ òótọ́, ó lè kú. Àpò wà lára aṣọ rẹ̀; bó bá jù ú síbẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n òtútù yóò máa mú un, egbò yóò máa gbilẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sì máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ohun kẹta ni kó lọ bá ẹni tó ti bínú sí.

Ó dìde. Ilẹ̀ ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Ó di ògiri mú, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òògùn náà wà lórí rẹ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i.

Àǹtí Olómi tẹ̀ mọ́ orí bàsíà, ó ń ṣan aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi títí dé ìgúnpá.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” ni Kíá wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. “Ẹ fọwọ́ kàn mí.”

Àǹtí Olómi gbójú sókè. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí òògùn náà. “Kí nìyẹn lọ́wọ́ ẹ?”

“Òògùn ọ̀sán ni. Mi ò gbé e mì. Mi ò sì fi pa mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí ná, kẹ́ ẹ tó bá mi wí.”

Àǹtí Olómi fa ọwọ́ kan jáde nínú omi, ó fi kàn án lọ́rùn. Ó fà á padà bí ẹni tó kan irin gbígbóná. Ó tún fi ọwọ́ kejì kàn án. Ó ní kó la ẹnu, ó sì rí àwọn egbò funfun tó tò sí ẹ̀yìn ètè àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Kò bá a wí. Ó fi apá gbá a mọ́ra, ó sì mú un wọlé.

Awakọ̀ ti lọ, ìyá Kíá sì ti padà sídìí tábìlì. Nígbà tó rí wọn, tó rí òògùn, ojú rẹ̀ le.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ara ọmọ yìí ń jó,” ni Àǹtí Olómi wí.

“Mo fọwọ́ kàn án lánàá. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí. Ara ẹ̀ tutù.”

“Ọwọ́ wo lẹ fi kàn án?”

Ìyá Kíá kò lóye. Ó ń wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ èdè mìíràn. Àǹtí Olómi kò ṣàlàyé. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ti ń dúró nínú ooru irin láti òwúrọ̀, ó fà á lọ sẹ́yìnkùlé, ó tẹ ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi tútù, ó sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìyá Kíá dúró bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ orí bàsíà, kò jà. Lẹ́yìn náà Àǹtí Olómi nu ọwọ́ náà fún un.

“Ó yá. Ẹ wá fi kàn án nísinsìnyí.”

Ìyá Kíá fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀.

Ó fi kan ọrùn rẹ̀, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ ara rẹ̀, níwá àti lẹ́yìn, bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ mọ́ ní kóòtù. Òórùn ohun tó ń jó gba inú ṣọ́ọ̀bù wá. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ. Ìyá Kíá gbọ́ òórùn náà, kò bojú wẹ̀yìn. Àǹtí Olómi ló sáré wọlé lọ yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná. Ìgbà tó fi padà síta, ìyá Kíá ti gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ọmọ tó ti ga tó o, ó sì ti ń sáré lọ sí ojú títì láti wá ọkọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin náà bi wọ́n pé nígbà wo ló lo òògùn kẹ́yìn.

“Láàárọ̀ yìí,” ni ìyá Kíá wí. “Èmi ni mo fún un. Èmi ni mo dúró tì í.”

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn ọmọ ogun funfun inú rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, kò kù ju ohun tí kò tó nǹkan lọ. Wọ́n dá òògùn náà dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé Kíá sí yàrá òun nìkan, wọ́n so omi mọ́ ọn lápá, wọ́n ń da òògùn tó ń pa kòkòrò sínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló bo ẹnu àti imú, tó fọ ọwọ́. Dókítà kò tàn wọ́n. Ó ní òtútù lásán lè gbé e lọ ní ipò tó wà yìí, ó sì ní òun kò fẹ́ ronú ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bó bá gbé ẹyọ ọ̀sán yẹn mì, tó sì ń bá a lọ.

Kíá dùbúlẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máa gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lójú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó ń rí ìyá rẹ̀. Nígbà mìíràn ìyá rẹ̀ á gbé ọwọ́ sórí gíláàsì náà. Nígbà mìíràn á kàn máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú aṣọ ìbòmú, ó jókòó jìnnà sí ibùsùn díẹ̀.

“Èmi ni mo fà á, Màmá,” ni Kíá wí. “Mo ti fi irọ́ ná ọ̀rọ̀ náà tán kí òótọ́ tó dé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ìyá rẹ̀ wí. Kì í ṣe obìnrin tó ń fi epo pa ọ̀rọ̀. “Èmi náà sì gba ọwọ́ mi gbọ́ jù ẹ́ lọ.” Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n dókítà ní kò gbọdọ̀ fi òògùn yẹn kan ẹnu mọ́ láéláé. Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á, wọ́n fún un ní ìtọ́jú mìíràn tó mú agbára táírọ́ìdì náà rọlẹ̀ pátápátá. Báyìí, èyí tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù tẹ́lẹ̀ kò ṣe tó mọ́, nítorí náà yóò máa lo ẹyọ òògùn kékeré kan ní àràárọ̀ kó tó jẹun, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúró wo ẹnu rẹ̀ nígbà tó bá ń lò ó.

Ìdánwò kọjá lórí rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó dùn ún, ó sunkún. Pẹ́ńsù kọ tirẹ̀, ó yege, ó sì kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wò ó lójú, ó ní òun ò mọ̀ pé ohun tí òun fi ẹnu sọ lè dé ibi tó dé. Kíá ní Pẹ́ńsù ló sọ̀rọ̀, òun ló fi sábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni Pẹ́ńsù tó ní, “Jẹ́jẹ́, ẹ kú ìsinmi,” tí àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Kíá jókòó ìdánwò náà. Kò yára bíi ti àtijọ́. Ó ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dáadáa, ó sì yege.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, àwọn àgbà ní ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Dókítà lè mọ òògùn, ìyá lè mọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ara ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ohun tí ara ń sọ. Bí ẹ bá fi ara yín purọ́, ọjọ́ tí ara bá ké gbàjarè, ẹ ó wá ẹni tí yóò dá a lóhùn tì. Òògùn tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lò pẹ́, ẹ lò ó bí wọ́n ṣe wí. Bí ó bá ń ṣe yín bákan, ẹ sọ ọ́ gan-an bó ṣe rí. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá sì gbọ́, ẹ lọ bá ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ̀ ń bínú sí.

Ní ṣọ́ọ̀bù náà lónìí, abọ́ omi tútù kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Àwọn oníbàárà rò pé omi tí wọ́n ń wọ́n sórí aṣọ ni. Bí Kíá bá ní nǹkan ń ṣe òun, ìyá rẹ̀ á yọ okùn áyọ́ọ̀nù, á ki ọwọ́ bọ omi náà títí tí yóò fi tutù, á nù ún gbẹ. Ṣùgbọ́n kì í fi kàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ mú ọwọ́ náà dání.

“Sọ fún mi ná,” ni yóò wí. “Báwo lo ṣe ń gbọ́ ara ẹ?”

Á sì dákẹ́ títí Kíá yóò fi sọ ọ́ tán.